Ibi Tí Iṣẹ́ Wà Fún Ọmọ Tó Fẹ́ Máa Ṣe Eyín

Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá àdúgbò wa ní Kubwa ni ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ òun obìnrin yan ìṣègùn eyín nínú JAMB, àmọ́ máàkì rẹ̀ ò tó, dental technology, ìyẹn iṣẹ́ ṣíṣe eyín àtọwọ́dá ní láàbù, ni wọ́n fún un. "Bọ̀dá, ẹ̀yin lẹ wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Ṣé iṣẹ́ tí ọmọ lè fi jẹun ni, àbí kó tún JAMB ṣe? Ṣé ìjọba ń gbà wọ́n? Wọ́n sì ní ẹ̀rọ ló ń ṣe eyín báyìí."

Ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn èèyàn ti ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Mo sọ fún un pé iṣẹ́ gidi ni, kí ọmọ gbà á. Ó dúpẹ́, ó lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá jókòó sídìí tábìlì mi ní Garki, tí mo ń to eyín sínú ìda, ọ̀rọ̀ ìyá náà ni mo ń rò. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí pọ̀, ìdáhùn wọn ò sì jọra. Bí mo ṣe ń rò ó ni mo rí i pé ohun tó dá mi lójú nípa ọjọ́ iwájú iṣẹ́ yìí, inú páálí kan tó ti ìpínlẹ̀ Gombe wá ni mo ti rí i. Mo fẹ́ sọ ọ́ síbí fún ìyá náà, àti fún òbí mìíràn tí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá já lé lọ́wọ́.

Ti ìjọba

Ká kọ́kọ́ mú ti ìjọba kúrò ńlẹ̀, torí òun ni òbí sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ìjọba ń gba oníláàbù eyín. National Hospital wà níbí l'Ábùjá, ilé ìwòsàn yunifásítì wà ní Gwagwalada, Shika wà ní Zaria, Aminu Kano wà ní Kano, àwọn ológun náà sì ní tiwọn. CONHESS ni wọ́n fi ń san owó oṣù wọn, gẹ́gẹ́ bí ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera yòókù tí kì í ṣe dókítà. Owó náà ń wọlé, owó ìfẹ̀yìntì sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àyè ibẹ̀ ni kò pọ̀. Ilé ìwòsàn kan lè gba dókítà eyín àti nọ́ọ̀sì lọ́dọọdún, kí láàbù má sì rí ẹni tuntun àfi bí àgbà kan bá fẹ̀yìn tì. Ẹni tó bá tún bá HND wọlé, ìpele kẹrìnlá ni ìgbéga rẹ̀ sábà máa ń dúró sí, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká tó. Ìròyìn ayọ̀ kan wà lórí èyí: kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Trans-Ekulu, Enugu, tó ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa níṣẹ́, ti di Federal University of Allied Health Sciences. Ọmọ tó bá ń wọlé báyìí lè gba oyè yunifásítì, èyí tí ọ̀pọ̀ lára àwọn ọ̀gá wa ò rí gbà. Inú mi dùn sí i gan-an.

Síbẹ̀, òbí tó bá fi ọmọ sídìí iṣẹ́ yìí nítorí iṣẹ́ ìjọba nìkan, ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà dúró títí.

Páálí tó ti Gombe wá

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, dẹ́rẹ́bà kan pè mí láti gáréèjì ní Utako pé ẹrù mi ti dé. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láti Lafia, láti Minna, láti Lokoja, láti Bauchi, wébíìlì ni wọ́n fi ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwa tí a wà l'Ábùjá. Àwọn mìíràn ń fi tiwọn kọjá lórí wa lọ sí Èkó. Páálí kékeré ni wọ́n gbé fún mi, wọ́n fi okùn dì í típẹ́típẹ́, wọ́n kọ nọ́ńbà fóònù mi sí i lára.

Nígbà tí mo tú u, tíréè irin méjì ni mo bá, ọ̀kan ti òkè, ọ̀kan ti ìsàlẹ̀, nínú nylọ́ọ̀nù. Impression ni, ìyẹn ojú ẹnu tí wọ́n tẹ̀: wọ́n ti po alginate, ìyẹ̀fun tí a ń fi omi pò, wọ́n ti gbé e sẹ́nu èèyàn, wọ́n sì ti yọ ọ́ nígbà tó dì. Kò sẹ́ni tó da ohunkóhun sí i. Ìwé pélébé kan wà níbẹ̀: ọkùnrin, ẹni ọdún 71, kò ní eyín kankan mọ́ lókè àti nísàlẹ̀, ẹ ṣe odindi, àwọ̀ A3.

Ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Koríko inú òkun ni wọ́n ti ń rí alginate, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà tó bá dì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, omi náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ, á sì máa sún kì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ wa pé kí a tètè da stone sí i, ìyẹ̀fun tí a ń fi omi pò tó sì ń le di àwòkọ ẹnu náà, kó má kọjá ìdajì wákàtí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ti sun ojú ọ̀nà mọ́jú. Etí rẹ̀ ti ká kúrò lára tíréè. Mo fi èékánná kàn án, ó ti le.

Ó ṣeé ṣe kí èèyàn da stone sí i bẹ́ẹ̀, kó sì ṣe eyín lé e lórí. Eyín náà á jáde, á máa dán lórí tábìlì, ẹni tó bá rí i á yìn ín. Ẹnu baba ni kò ti ní dúró. Nígbà tí kò bá sí eyín kankan mọ́ lókè tí eyín àtọwọ́dá lè dì mú, itọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà láàárín rẹ̀ àti àjà ẹnu ló ń gbé e ró. Bí àlàfo bá ti wà níbẹ̀, itọ́ ò ní lè dì í mọ́, á máa já bọ́ nígbà tí baba bá ń kí èèyàn.

Mo pe dókítà tó fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni, ọ̀dọ́mọkùnrin, òun nìkan ṣoṣo sì ni dókítà tó wà ní ẹ̀ka eyín níbẹ̀. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó ní òun mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ti dà á kó tó kúrò níbẹ̀, àmọ́ stone ti tán, ẹni tó máa ń bá òun dà á tẹ́lẹ̀ ti lọ síbòmíràn, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni rọ́pò rẹ̀. Baba náà kì í gbé inú ìlú, ọjọ́ ọjà nìkan ló máa ń wọlé wá. Òun á ní kó padà wá lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú mi fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì fún ìgbà díẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, eyín tí mò ń yọ níbí pọ̀ lójúmọ́. Èyí tí mò ń dá padà sẹ́nu èèyàn ni kò tó nǹkan. Ẹni tó máa bá mi ṣe é ni mi ò ní."

Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Odindi eyín òkè àti ìsàlẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ìgbà kan. Dókítà á kọ́kọ́ tẹ ẹnu. A ó ṣe tíréè tó bá ẹnu onítọ̀hún mu, dókítà á tún ẹnu tẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Dókítà á fi ìda tí a ṣe wọn bí àgbọ̀n òkè ṣe ń pàdé ti ìsàlẹ̀. A ó to eyín sínú ìda, dókítà á dán an wò lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó sè é di ákírílíìkì, ike líle, tí dókítà á sì fi í sẹ́nu. Láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, láàbù ni iṣẹ́ wà. Ìyẹn ni pé páálí yẹn ní láti máa rìn láti Gombe sí Abuja, láti Abuja sí Gombe, lójú ọ̀nà tí kò dẹrùn, títí baba arúgbó kan á fi lè jẹ ẹran. Láti ìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023, owó wébíìlì àlọ àtàbọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ohun tí èmi ń gbà lórí iṣẹ́ gan-an.

Ní gbogbo àpèjẹ àwa oníláàbù, ohun tí à ń sọ ni pé iṣẹ́ ò sí. Iṣẹ́ wà nínú páálí yẹn. Ojú ọ̀nà ló wà, torí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ò ní ẹni tó máa ṣe é.

Mo fi àpò stone kékeré kan rán dẹ́rẹ́bà kan náà padà. Lórí WhatsApp ni mo ti fi han nọ́ọ̀sì wọn bí wọ́n ṣe ń pò ó: 100 gíráàmù ìyẹ̀fun sí 30 mílílítà omi, kí omi kọ́kọ́ wọ abọ́, kí a máa wọ́n ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa gbọn abọ́ náà títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi jáde. Nọ́ọ̀sì náà gbọ́n, ó yára mọ̀ ọ́n ṣe. Páálí tó tẹ̀lé e, módẹ̀lì tó le dáadáa ló wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́, àmọ́ baba gba eyín rẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ yẹn parí ni mo wá wo ibi tí gbogbo wa jókòó sí. Wuse 2, Garki, Utako: láàbù lórí láàbù, tí a ń já owó iṣẹ́ wálẹ̀ lórí ara wa kí dókítà kan má bàa kó tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọmọ tó bá jáde ní Enugu, bí kò bá lọ sí Èkó, Abuja ló ń bọ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni gbogbo wa rọ́ sí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú láàárín Lokoja sí Maiduguri, ibi tí dókítà eyín wà, kò sí tábìlì oníláàbù kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rọ ti dé

Ìyá yẹn bèèrè nípa ẹ̀rọ, ìbéèrè náà sì tọ́. Ọ̀rọ̀ náà kì í tilẹ̀ ṣe tuntun. Ọdún 1985 ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi CEREC ṣe iṣẹ́ sẹ́nu aláìsàn ní Zurich, ní Switzerland: ẹ̀rọ ya àwòrán eyín, kọ̀ǹpútà ya iṣẹ́ náà, ẹ̀rọ mìíràn sì gbẹ́ ẹ. Ohun tó yí padà ni pé ó ti dé ìtòsí wa. Àwọn kílíníìkì kan wà ní Maitama àti Wuse 2 báyìí tí wọn kì í po alginate mọ́ fún crown, ìyẹn ìbòrí tí a ń fi bo eyín tó bàjẹ́. Wọ́n á ti ẹ̀rọ kékeré bọ ẹnu, wọ́n á ya àwòrán, wọ́n á fi fáìlì náà ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Fáìlì kì í sún kì lójú ọ̀nà. Ó lè lọ sí Garki, ó lè lọ sí Èkó, ó sì lè lọ sí China kí ilẹ̀ tó mọ́. Zirconia, irú tánganran kan tó le gan-an, ni wọ́n sábà máa ń fi gbẹ́ ẹ, wọn á sì gbé e sínú iná tó gbóná tó nǹkan bí 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó lè le.

N kò ní tan òbí kankan jẹ lórí èyí. Ọmọ tó bá jẹ́ pé ìda crown nìkan ló mọ̀ ọ́n gbẹ́, tí kò fẹ́ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ á kéré lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya eyín lórí exocad tàbí 3Shape, àwọn ètò kọ̀ǹpútà iṣẹ́ eyín, nígbà tó bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹni tó mọ ìyẹn, tó sì tún mọ bí eyín ṣe ń pàdé eyín nínú ẹnu gidi, ibikíbi láyé ló ti lè rí iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò ya ohun tí a bá ní kó yà. Ẹni tí kò mọ ibi tó yẹ kí eyín ìsàlẹ̀ fara kan ti òkè yóò ya crown tó lẹ́wà, tí aláìsàn ò sì ní lè fi jẹun.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹnu tí kò ní eyín mọ́, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé nínú àwọn tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, nǹkan bí ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ní eyín kankan mọ́. Nínú gbogbo àwọn tó ti pé ogún ọdún sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 7. Ákírílíìkì ni a ṣì fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú eyín wọn, ohun kan náà tí wọ́n ti ń lò láti ìparí àwọn ọdún 1930. Wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ odindi eyín àtọwọ́dá jáde lókè òkun, mo mọ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ò tíì gbà kúrò lọ́wọ́ wa ni àlọ àtàbọ̀ láàárín ẹnu aláìsàn àti tábìlì wa.

Mo rántí ìyá àgbà kan tó wá láti Ọ̀yọ́, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lugbe. Dókítà fi eyín tí a tò sínú ìda dán an wò lẹ́nu rẹ̀. Ó wo dígí, ó sì wò ó pẹ́. Ó ní, "Ó dára o, àmọ́ ẹnu mi kọ́ nìyí. Èéjí mi dà?" Ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìyá ò rẹ́rìn-ín rárá. Ó ní èéjí yẹn ni bàbá àwọn ọmọ òun fi mọ òun láàárín àwọn ẹgbẹ́ òun. Dókítà pè mí, kílíníìkì náà ò jìnnà sí wa, mo kọjá lọ síbẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò rẹ̀ àtijọ́ hàn mí. Mo mú ọ̀bẹ gbóná, mo yọ eyín iwájú méjèèjì nínú ìda, mo ya wọ́n sọ́tọ̀ díẹ̀ bó ti wà nínú fọ́tò. Nígbà tó tún wo dígí, orúkọ ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè.

Ká ní ibi jíjìn ni iṣẹ́ yẹn wà, eyín tó tẹ̀lé ara wọn gún régé ni wọn ì bá fi ránṣẹ́ sí i, torí ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Oníláàbù tó wà nítòsí ló lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìyá Hausa tó ń fẹ́ kí wúrà yọ lójú eyín iwájú, haƙorin Makka tí wọ́n ń pè é. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ẹni tí eyín rẹ̀ já sínú basin láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, tó sì ní ìgbéyàwó ọmọ lọ́jọ́ Sátidé. Kò sí fáìlì tó lè lọ China fún ìyẹn. Ẹni tó ní ákírílíìkì àti ọwọ́ nítòsí ni yóò tún un ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà ní òkè Ọya níbí tí kò wọ́pọ̀ nílé. Omi kànga àwọn ibì kan, bíi Kaltungo ní Gombe, ní fluoride tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, eyín àwọn ọmọ tó fi omi náà dàgbà máa ń dúdú tàbí kó pọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá ohun tí wọ́n á fi bò ó nígbà tí wọ́n bá ti ń ṣiṣẹ́ owó. Sokoto náà wà, níbi tí ilé ìwòsàn noma wà láti 1999. Noma ni àrùn tó ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹrìgì ọmọdé tí ebi àti àìsàn ti sọ di aláìlágbára, tó sì ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti egungun ojú. WHO ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sínú àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé patì ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọmọ tó bá yè é, tí àjà ẹnu rẹ̀ lu, bí oúnjẹ bá wọlé, imú ló ń gbà jáde. Oníláàbù ló ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń dí irú ihò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa láàárín wa ò pọ̀. Bí ọmọ kan bá bi mí pé ẹ̀ka wo ni kí òun fi ayé òun sí, ẹ̀ka yìí ni n óò kọ́kọ́ dárúkọ, láìwo ti owó.

Owó, eruku àti orúkọ

Mo gbọ́dọ̀ wo ti owó náà, torí ọmọ gbọ́dọ̀ jẹun. Kò sí ohun tí a ń lò tí kì í ti òkè òkun wá: stone, ìda tí a ń to eyín sí, eyín inú páálí, ákírílíìkì, tánganran tí a fi ń kun crown. Kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là wà ní nǹkan bí 460 náírà. Nígbà tó fi máa di 2024, ó ti kọjá 1,500. Láàbù tó ń ṣe crown, tó ní iná ìsun tánganran àti ẹ̀rọ ìyọ́rin, ló kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Èyí tó ń ṣe eyín àtọwọ́dá àti àtúnṣe nìkan mí díẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eyín àtọwọ́dá. Flask (àpótí irin tí a fi ń sè ákírílíìkì), ẹ̀rọ ìtẹ̀ rẹ̀, ìkòkò omi gbígbóná, sítóòfù gáàsì, articulator (irin tó ń ṣe bí àgbọ̀n òkè àti ìsàlẹ̀) kan tàbí méjì, ẹ̀rọ ìdán, ẹ̀rọ ìrẹ́ kékeré, sólà tó lè gbé wọn. Yàrá kan tó. Bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí à ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Ohun kan wà tó ń dùn mí nínú iṣẹ́ yìí: a dà bí aránṣọ tí kì í rí oníbàárà rẹ̀ sójú. Dókítà ló ń gba owó, dókítà ló ń sọ iye tó jẹ́, ohun tó bá kàn wá la ń gbà. Aláìsàn á máa fi eyín wa jẹun fún ọdún mẹ́wàá láìmọ̀ pé a wà láyé. N kò ní kí a máa gba aláìsàn lọ́wọ́ dókítà. Àyẹ̀wò ẹnu àti títẹ ẹnu, iṣẹ́ dókítà ni. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí oníláàbù ní rìsíìtì tirẹ̀, kí orúkọ láàbù rẹ̀ wà lára páálí, kí ó kọ ohun tó lò síwèé, kí ó sì gba owó díẹ̀ sílẹ̀ kó tó fọwọ́ kan iṣẹ́. Gbèsè kílíníìkì ló ti ọ̀pọ̀ láàbù pa, ó sì ju ohun tí ẹ̀rọ pa lọ fíìfíì.

Forúkọ sílẹ̀. Dental Technologists Registration Board of Nigeria ló ń fún wa láísẹ́ǹsì, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́. Òbí, ẹ bèèrè lọ́wọ́ board yẹn kí ẹ tó san owó ilé ẹ̀kọ́ kankan. Àwọn kan wà tó ń gba owó tí ìwé wọn ò níláárí. Àwọn tó ń po ákírílíìkì tútù, èyí tí a kì í sè, tààrà sẹ́nu èèyàn ní ẹ̀gbẹ́ ọjà pọ̀ jù ní òkè Ọya níbí. Ooru rẹ̀ ń jó ẹrìgì, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín tó ṣì dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oúnjẹ á sì há sábẹ́ rẹ̀ títí gbogbo wọn á fi jẹrà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dé ọ̀dọ̀ dókítà lẹ́yìn ìyẹn ti pàdánù eyín mẹ́ta nítorí ọ̀kan.

Eruku náà wà. Iyanrìn inú ìyẹ̀fun tí a fi ń ṣe móòdù irin lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láìsí àtúnṣe, irin crown kan sì wà tó ní beryllium nínú, eruku rẹ̀ burú jáì. Mo mọ àwọn àgbà tó ń wú ikọ́ tí kò lọ. Ìbòmú gidi àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni kí ọmọ kọ́kọ́ rà, kó tó ra ohun mìíràn.

Ẹni tó fẹ́ lọ sókè òkun

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Ọ̀nà wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, General Dental Council ló ń forúkọ wọn sílẹ̀, láti 2008 ló sì ti di dandan. Ibẹ̀ tilẹ̀ ní ẹ̀ka kan, clinical dental technician, tó lè ṣe odindi eyín fún ẹni tí kò ní eyín kankan láìgba ọ̀dọ̀ dókítà. Ní Jámánì, ọdún mẹ́ta àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní láàbù lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìlú wa nìkan kì í tó níbẹ̀. Fọ́tò iṣẹ́ rẹ, kí ó mọ́ kedere, láti ìda dé ìparí, ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Kí ọmọ máa kó o jọ láti ọdún kìn-ín-ní. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ.

Lafia

Mo ti pe ìyá náà padà, mo sì ti ka púpọ̀ nínú èyí fún un lórí fóònù. Ọmọ rẹ̀ gbà láti lọ. Mo ní kí ó kọ́ Hausa kó tó parí, kì í ṣe èyí tí a fi ń ná ọjà nìkan. Bàbá kan tí wọ́n ní kó pa ẹnu dé, tó gbọ́ ọ bíi pé kó là á, iṣẹ́ ìda gbogbo ọ̀sẹ̀ ló bàjẹ́ yẹn.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan, tó ti gba láísẹ́ǹsì rẹ̀, ń kó lọ sí Lafia. Kílíníìkì kan níbẹ̀ fún un ní yàrá kan lẹ́yìn, wọ́n sì ti bá ara wọn kọ ìwé: iye iṣẹ́, ìdajì owó kó tó bẹ̀rẹ̀, ìyókù ní ọjọ́ tó bá gbé e lé wọn lọ́wọ́. Eyín àtọwọ́dá àti àtúnṣe nìkan ló fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn kílíníìkì mìíràn ní Keffi àti Akwanga ti sọ pé àwọn á máa gbé tiwọn fún un, torí ọ̀nà rẹ̀ kúrú ju ti Abuja lọ. A ti rí flask, a ti rí articulator, dókítà kan ní Jos sì fún wa ní ẹ̀rọ ìtẹ̀ tí kò lò mọ́. Ẹ̀rọ ìdán ló kù, àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ẹni tó bá ní ọ̀kankan nínú méjèèjì tó ti ń jókòó lásán ní ẹ̀yìn láàbù rẹ̀, kó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi. A máa san owó rẹ̀, a sì máa wá gbé e.